Odi wo là ń pè ní "ẹ̀yìn odi"?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Bàhíà ní Brazil wà "lẹ́yìn odi"? Odi wo nìyẹn?

Odi ìlú ni. Ẹ má pè é ní òdì o, nǹkan mìíràn nìyẹn. Láyé ogun, ìlú tí kò bá fẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú a mọ odi yí ara rẹ̀ ká. Ẹni tó bá ti kọjá ibodè ti bọ́ sẹ́yìn odi, ì báà jẹ́ oko ló ń lọ. Ìrìnàjò ló wá gùn sí i.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ògiri lásán ni odi. Láti inú yàrà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò yí ìlú ká, wọ́n á sì da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìlú. Bí kòtò bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí òkìtì ga ní 6, 12 ni ọ̀tá tó wà nísàlẹ̀ yàrà máa gùn. Bí òkìtì bá sún mọ́ etí kòtò jù, òjò á wó o padà sínú rẹ̀, nítorí náà àtúnṣe odi kì í tán. Lọ́dún 1851 tí ogun Dàhòmì ja Abẹ́òkúta, apá Arò, níbi tí Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi ṣe, ni wọ́n forí sọ. Níwájú yàrà, àwọn ará ìlú tún máa ń dá igbó kìjikìji sí, igbó ilé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣán.

Ẹnu ibodè ni oníbodè ti ń gbowó lọ́wọ́ aláàárù àti oníṣòwò. Orúkọ ìlú tí ọ̀nà náà lọ ni wọ́n sábà fi ń pe ibodè. Bodè tó wà nínú orúkọ àdúgbò wa lónìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Erédò Súngbọ́, yàrà àti òkìtì ńlá kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tún yàtọ̀. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Kì í ṣe ìlú kan ló yí ká: ìlú, abúlé, oko àti igbó ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan sọ pé Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ó ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, ni ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì. Ìyẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ tí Ṣébà fi ṣáájú yàrà náà.