Kí ni kí n fi kún ewé gbígbẹ inú dúrọ́ọ̀mù ajílẹ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ewé gbígbẹ kún dúrọ́ọ̀mù tí mo fi ń ṣe ajílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò jẹrà. Wọ́n ní kí n fi nǹkan tútù sí i; èwo ni ó yẹ? Òǹkàwé kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé náítírójìn tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń mú pàǹtí jẹrà nílò kò tó nínú ewé gbígbẹ nìkan. Èèpo iṣu, tí kì í wọ́n nílé oníyán, ń jẹrà lóòótọ́ (bí ewúrẹ́ bá jẹ́ kó dé dúrọ́ọ̀mù), àmọ́ náítírójìn inú rẹ̀ kò tó ti ewé tútù. Ewé agúnmániyè ni mo fọwọ́ sí jù, torí pé ẹbí ẹ̀wà ni, náítírójìn sì pọ̀ nínú ewé rẹ̀, ó sì ń rúwé padà kíákíá lẹ́yìn tí a bá gé e. Ẹ tún lè bẹ àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ ọjà fún ewé tí wọ́n ń dànù, tàbí kí ẹ lo koríko tí kò tíì so. Ìgbẹ́ adìẹ náà wà lára ohun tútù, bó tilẹ̀ gbẹ, torí pé náítírójìn tó pọ̀ nínú nǹkan ni a fi ń pè é ní tútù níbí. Garawa 1 ohun tútù sí 2 tàbí 3 ewé gbígbẹ ti tó. Bí ó bá ń rùn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un.