Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ní Imota ń gbin ugwu, tẹ̀tẹ̀, tòmátì àti kùkúńbà. NGO kan fẹ́ fún yín ní kíréètì oníke, ọ́fíìsì ìjọba kan lóun máa gbé cold room, yàrá tó ń mú ẹrù tutù, tó ń lo sólà wá, oníbàárà kan ní Lekki sì ti ṣe tán láti máa rà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa pín ìnáwó, àti orúkọ ta ni kó wà lórí àkáǹtì. Mo máa débẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti dun àwa, torí irú àjọṣe yìí gan-an la ṣe ní ìhà Agbowa níbí.

Àwa náà ní kíréètì. A ní cold room. A ní ẹni tó fẹ́ rà. Gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa sọ pé, "Ọwọ́ mi ni ẹrù yìí wà báyìí, tó bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ mú."

Ọ́fíìsì tó gbé cold room náà wá, oníṣẹ́ wọn so sólà rẹ̀, ó sì ń tutù. Èmi fúnra mi wọ inú ẹ̀, mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá ta ríbọ́ọ̀nù sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí ọ̀gá àgbà á fi wá gé ríbọ́ọ̀nù. Ọ̀gá àgbà ò ráyè. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Ugwu ò mọ ọ̀gá. Òjò ti rọ̀, ewé ń gbó lójú wa.

Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ń bọ̀ dájúdájú, wọ́n ní kí á kó ẹrù wá pẹ̀lú kí fọ́tò lè jáde dáadáa. Gbogbo ẹgbẹ́ já ewé láàárọ̀ kùtù. Kíréètì tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú ilẹ̀kùn. Oòrùn yọ, ọ̀sán pọ́n, a ò rí ẹnì kankan. Etí ewé ugwu bẹ̀rẹ̀ sí í ká, tẹ̀tẹ̀ rọ jọwọlọ, tòmátì ìsàlẹ̀ kíréètì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Mo pe ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun wà nípàdé ní Ìkẹjà, òun ò sì láṣẹ láti fi ránṣẹ́. Mo pe NGO, wọ́n ní kíréètì ni tiwọn, wọ́n sì ti kó kíréètì fún wa. Mo pe oníbàárà, ó ní ohun tí òun ò tíì gbà, kò kan òun. Awakọ̀ ní bí a ò bá ní gbé, kí á san owó ìdúró.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Bí ìwé àdéhùn ṣe sọ ọ́ nìyẹn: ẹni báyìí "máa pèsè" kíréètì, ẹni báyìí "máa pèsè" cold room, ẹni báyìí máa ra "ẹrù tó bá dára". Àárín ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì ni ẹrù ti ń bàjẹ́, àárín yẹn sì ni ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, owó àjọ ló fi ra irúgbìn. Ó jókòó ti kíréètì tirẹ̀, ó ń ṣa ewé tó ṣì dára níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi òwú dì í ní ìdì kéékèèké. Èyí tó rí tà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ò tó owó ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n wá gé ríbọ́ọ̀nù nígbẹ̀yìn, wọn ò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn ògbógi tó ń wá pàtẹ ìṣirò níwájú wa. Wọ́n á ní FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ lọ́dún 2019 pé nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 oúnjẹ ayé ló ń ṣòfò lẹ́yìn ìkórè kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á fún aráàlú. Wọ́n á ní àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ní ìpàdé wọn ní Malabo, ní Equatorial Guinea, lọ́dún 2014 pé irú àdánù bẹ́ẹ̀ á dín sí ìdajì tó bá fi máa di 2025. Mi ò bá ìṣirò jà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló dúró létí oko mi rí láti wo wákàtí tí ẹrù ń bàjẹ́? Iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ wọn ẹrù létí oko, ẹ wọn ọ́n nígbà tó bá ń wọ ọkọ̀, kí ẹ sì bẹ oníbàárà kó wọn ọ́n nígbà tó bá dé. Ibi tí ìwọ̀n ti já jù ni kí owó àjọṣe yín kọ́kọ́ lọ. Ó lè má jẹ́ cold room rárá. Ní tiwa, àgọ́ olórùlé koríko létí oko, kí á máa já ewé kí oòrùn tó mú, àti ọkọ̀ tó ń dé lásìkò, àwọn yẹn ló yí nǹkan padà.

Bí ẹ bá sì máa gba cold room náà, ẹ béèrè iye yàrá tó ní. Ẹni tó ta tiwa ò sọ fún wa, àwa la lọ wádìí: ewé tútù ń fẹ́ òtútù gidi, tó sún mọ́ 0 sí 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kùkúńbà àti tòmátì, bí ó bá tutù ju nǹkan bí 10 lọ, ó máa ń dá àbààwọ́n sí wọn lára, wọn á sì rọ̀ kíákíá tí wọ́n bá jáde. Tòmátì tó ti pọ́n tún máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń sọ ewé di yẹ́lò. Ẹ má kó wọn pọ̀ sójú kan, ohun yòówù kí ọ̀gá kankan sọ.

Ẹnì kan tún lè wá fi ìkòkò méjì oníyanrìn lọ̀ yín, ìkòkò kan nínú èkejì, yanrìn tó rin láàárín wọn, èyí tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ará Jigawa, gba ẹ̀bùn lé lórí. Iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin yẹn ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń fa omi lára ìkòkò tí inú ẹ̀ fi ń tutù. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tiwa tó kún fún omi yìí kò ní jẹ́ kó tutù bíi ti Òkè Ọya. Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ lọ bá NSPRI. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ni, Ilorin ni olú ilé wọn, wọ́n ní ọ́fíìsì l'Ékòó náà, iṣẹ́ wọn gan-an sì ni kí oúnjẹ má bàjẹ́ lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ ò dárúkọ ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ máa ní díẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tí ẹ bá ti wú u, inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ilẹ̀ títí ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọgàárì á fi sọ pé epo wà nínú ẹ̀rọ òun.

Ó dáa, àdéhùn. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló tó. Ẹ kọ wákàtí sí i, kì í ṣe "máa pèsè". Láti ìgbà tí ewé bá kúrò lára ìtàkùn títí dé àgọ́, lábojútó ta ni? Láti àgọ́ dé cold room ńkọ́? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, ta sì ni èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ má gbà kó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé láàárín yín. Bí bátìrì sólà bá kú, ta ló ń pààrọ̀ rẹ̀? Oníbàárà, wákàtí mélòó ló ní láti yẹ ẹrù wò kó tó di tirẹ̀? Èyí tó bá kọ̀ tó ṣì ṣe é jẹ, ẹ ti bá irú àwọn Lagos Food Bank Initiative, tó ń pín oúnjẹ fún àwọn tí kò rí jẹ, sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó má lọ jẹrà níwájú ọ̀nà àbáwọlé ẹni. Kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ọjọ́ tí cold room bá ti ń tutù ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ayẹyẹ lè tẹ̀lé e nígbà tó bá wù ú.

Kíréètì: ẹ gba owó ìdógò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀ àti oníbàárà. Bí ẹ ò bá gbà á, ilé ẹlẹ́ja àti ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ máa bá a.

Nípa àkáǹtì, ẹ mọ ìyẹn: orúkọ ẹgbẹ́, ẹni mẹ́ta tó lè fọwọ́ sí i, méjì nínú wọn láti gba owó. Nípa ìnáwó, kí ẹni tó gbé ohun èlò wá san àtúnṣe rẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ máa fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí kíréètì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé fún ọdún tó tẹ̀lé e. Kí oníbàárà san owó ọkọ̀, torí òun ló ń sọ àkókò tí òun fẹ́ kí ẹrù dé. Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú ìwé kan tí àwa ń lò báyìí, ẹ sọ, màá tẹ̀ ẹ́ síbí lálẹ́.