Orin Mi Falẹ̀ Jù: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Mú Un Yára Láìba Ohùn Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, inú yàrá mi ni mo ti ń ká orin sílẹ̀. Mo ṣe orin ìgbéyàwó kan fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, 96 BPM (ìlù 96 láàárín ìṣẹ́jú kan) ni mo fi sí, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn mi, kálukú wà lórí tíráàkì tiẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́ ọ, wọ́n ní kò ṣeé jó. Mo wá fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, gbé e dé 108, ó yára lóòótọ́ àmọ́ ohùn mi dà bíi tọmọdé. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìyàwó o. Change Speed lo tẹ̀, èyí tí Audacity tuntun ń pè ní Change Speed and Pitch, ìyẹn kì í mú témpò (bí orin ṣe ń yára sí) nìkan lọ sókè, ó ń gbé ohùn gòkè pẹ̀lú ẹ̀ ni. Ṣó o rántí kásẹ́ẹ̀tì tí bátìrì bá ń kú lọ, bí olórin ṣe máa ń falẹ̀ tí ohùn ẹ̀ á máa rì bíi ti bàbá arúgbó? Òdìkejì ẹ̀ lo ṣe yẹn. Láti 96 sí 108 jẹ́ ìdá 12.5 nínú 100, tó o bá fi speed gbé e, gbogbo ibi tó o ti kọ do ló máa di re.

Change Tempo ni kó o lò. Kọ 96 síbi from, 108 síbi to, ohùn ẹ ò ní kúrò níbi tó wà, orin ìṣẹ́jú 4 á di ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 33.

Àmọ́ má kó gbogbo tíráàkì síbẹ̀ o! Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é ni pé ó máa gé ohùn wẹ́wẹ́, á yọ díẹ̀ díẹ̀ kúrò, á wá tẹ ìyókù lé ara wọn. Ohùn èèyàn tó fa "aaa" gùn, o ò ní mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìlù ni wàhálà, torí ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ, kíá ló ti kọjá, tí gígé bá bọ́ síbẹ̀, ìró yẹn á kú tàbí kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ẹ, gé e níbi tó ti ń dún kọ̀ọ̀kan kó o sún wọn síbi tí 108 bá bọ́ sí, má fi Change Tempo kàn án rárá.

Gángan ní tiẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, tún un lù. Ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, bí onílù ṣe ń fún ọsán tí ohùn ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, onílù tó bá sì ń lù ní 108 máa dín ọ̀rọ̀ ẹ̀ kù fúnra ẹ̀, kò ní kó gbogbo oríkì ìyàwó sínú ìlà kan. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn.

Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣe ẹ̀dà WAV ẹ (fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀) pa mọ́. Èmi náà ti gbé orin kan láti 100 lọ sí 110 rí, mo tún wá dá fáìlì yẹn kan náà padà sí 104, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá ń dún bí ẹni ń da ìrẹsì sínú omi, mi ò sì tọ́jú ojúlówó, ó dùn mí títí dòní. Látara ojúlówó ni kó o ti máa ṣe é ní gbogbo ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó o tó fi reverb (ìró tó ń mú kó dà bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá lo ti ń kọrin) sí i.

Àní kó o tó pe onílù padà, gbé ohùn nìkan lọ sí 102 ná, pàtẹ́wọ́ sí i, kó o fún ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́. Tí èjìká ìyàwó bá ti ń mì ní 102, má wulẹ̀ dé 108 mọ́.