Owó yá ni àbí ìpín? Ìbéèrè yín lórí ilé tí ìjọba bá èèyàn rà

Lẹ́tà tó ń dé lórí ọ̀rọ̀ ilé ti pọ̀ jù lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, mẹ́ta la mú nínú wọn. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀ ẹ má bínú, ó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ níbí ni mò ń gbé, lápá Wàńdó, aṣọ ni mò ń tà. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ wà ní Dublin, wọ́n fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́ wọn. Ó ní owó tí báńkì máa yá àwọn ò tó, pé ìjọba ibẹ̀ á fi owó kún un, ìjọba á wá ní ìpín nínú ilé náà. Ẹ̀rù bà mí o. Ṣé ìjọba máa wá bá wọn gbé ni? Tí wọ́n bá kú ńkọ́, ṣé wọn ò ní lé àwọn ọmọ síta? Wọ́n tún ní kí n bá àwọn wá nǹkan kún owó tí àwọn máa kọ́kọ́ san sílẹ̀, mo sì ní ilẹ̀ kan ní Àjàrá tí mo lè tà. Báńkì wọn ti fi ìwé kan ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti ìjọba yẹn ná, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó máa wá gba yàrá nínú ilé wọn. Orúkọ ọmọ yín àti ti ọkọ ẹ̀ ló máa wà lórí ìwé, àwọn ló máa gbé ibẹ̀, tí òrùlé bá sì ń jò àwọn náà ló máa tún un ṣe. First Home Scheme ni wọ́n ń pe ètò yẹn, oṣù keje ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀, ìjọba Írẹ́lándì àtàwọn báńkì kan níbẹ̀ ni wọ́n jọ dáwó sí i, torí pé ilé ti wọ́n kọjá ohun tí báńkì lè yá èèyàn. Lọ́pọ̀ ìgbà báńkì ibẹ̀ ò gbọdọ̀ yá ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ ju ìlọ́po mẹ́rin owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, òun fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní 10% owó ilé náà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà kan, kì í ṣe ti ọmọ yín o, àpẹẹrẹ ni. Ilé 400,000 yúrò. Tọkọtaya jọ ń gba 70,000 lọ́dún, báńkì á yá wọn ní 280,000. Wọ́n ní 40,000 nílẹ̀. Ó ku 80,000, ìyẹn ju mílíọ̀nù 52 sẹ́fà lọ, ibẹ̀ ni ètò yẹn ti wọlé. Kì í wá ṣe pé ó yá wọn ní 80,000 kí wọ́n dá 80,000 padà o. Ìdá kan nínú márùn-ún ilé yẹn ló ti di tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san án kúrò, tí ilé ti di 500,000, 100,000 ni wọ́n máa san. Tó bá sì ti já wálẹ̀ sí 350,000, 70,000 ni. Èrè, wọ́n jọ jẹ ẹ́, àdánù náà, wọ́n jọ pín in, ohun tí ìpín sì fi yàtọ̀ sí owó yá nìyẹn.

Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, wọn ò ní san nǹkan kan lórí ẹ̀. Láti ọdún kẹfà ni owó kan á bẹ̀rẹ̀, 1.75% lọ́dún, nínú àpẹẹrẹ wa yìí 1,400 yúrò, bíi 918,000 sẹ́fà lọ́dún. Tó bá di ọdún kẹrìndínlógún ó di 2.15%, tó bá tó ọgbọ̀n ọdún ó di 2.85%. Owó yẹn ò dín ìpín ibẹ̀ kù rárá, bí ìgbà tí èèyàn ń san owó ṣọ́ọ̀bù ni. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san ìpín yẹn tán, àfi tí wọ́n bá ta ilé, tàbí tí wọn ò gbé ibẹ̀ mọ́, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì ń gbé ilé ẹ̀ lọ. Tí àwọn méjèèjì ò bá sí mọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ fojú yín rí i, ìgbà yẹn ni wọ́n máa yọ ìpín yẹn kúrò nínú ogún, yálà kí àwọn ọmọ wá owó ẹ̀ san, àbí kí wọ́n ta ilé kí wọ́n mú èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ ní kí wọ́n lọ ṣe ìwé ogún wọn, ìyẹn wúlò ju kẹ́ ẹ máa ronú lóru lọ.

Ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jókòó sí. Ohun tó máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀bùn ni owó yìí, pé ẹ ò ní gbà á padà, pé ẹ ò sì ní ẹ̀tọ́ kankan sí ilé náà láéláé. Báńkì ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún fọwọ́ kan ilé tí òun fi owó sí, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ mo mọ ilé wa. Ìyá á fọwọ́ sí ìwé, lọ́kàn ẹ̀ á ní owó ilẹ̀ mi nìyẹn, lọ́jọ́ kan wọ́n á fi kọ́lé fún mi. Ọmọ á ní màmá ló bá mi ra ilé yìí, yàrá kan ti wà nílẹ̀ fún wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Kútọnu á ní ilẹ̀ gbogbo wa ni màmá tà fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ ọ́ jáde, tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i ẹ máa gbọ́ ọ níbi ìnáwó, lójú àwọn àna.

Torí náà kẹ́ ẹ tó mú bírò, ẹ pe ọmọ yín kẹ́ ẹ bi í tààrà pé owó yìí, ọ̀rẹ ni àbí yíyá ni àbí ìpín. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ, tó sì tinú yín wá, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ pe àwọn ọmọ yòókù kẹ́ ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á padà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó ní ẹ ò ní gbà á padà, ìyẹn irọ́ ni, kí ọmọ yín lọ sọ fún báńkì pé owó yá ni, báńkì á wá ṣírò ẹ̀ mọ́ gbèsè tó wà lọ́rùn wọn, ó sì lè dín iye tó máa yá wọn kù. Kò rọrùn, àmọ́ òótọ́ ni.

Ilẹ̀ Àjàrá ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tíì tà á. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ti béèrè fún ètò kejì tó wà níbẹ̀, Help to Buy, níbi tí ìjọba ti ń dá nínú owó orí tí èèyàn san ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn padà fún un, ó lè tó 30,000 yúrò tó bá jẹ́ ilé tuntun tí iye ẹ̀ ò kọjá 500,000. Ẹni tó bá gba ti ibẹ̀, ìpín tí First Home máa mú ò lè ju 20% lọ, ẹni tí ò bá gbà á lè dé 30%. Nínú àpẹẹrẹ wa, 40,000 tí wọ́n ń wá yẹn, 30,000 lè ti ibẹ̀ wá, á wá ku 10,000, mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ sẹ́fà. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ á rí ìyẹn kó jọ láàárín àsìkò díẹ̀. Ilẹ̀ ní Àjàrá, tó bá ti lọ, ó ti lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Àbúrò mi ra fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018, owó ìjọba wà nínú ẹ̀. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ń dùn. Ní báyìí gbogbo ìgbà ló ń pè mí pé owó tí òun ń san ń gòkè, gbèsè ò sì dín. Mo ti ta kajú mi lọ́dún yìí, mo fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó máa fi gé gbèsè yẹn. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? — Bàbá Wálé, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá Wálé, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Inú rere lẹ ní, àmọ́ owó kajú yẹn ò ní ríbi wọ̀.

Ètò tí àbúrò yín wọ̀ yẹn, ìjọba lè fi tó 40% sí ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, 20% ní ìyókù Íńgílándì, ẹni tó ń rà á mú 5% wá, báńkì ṣe ìyókù. Ká ní fúláàtì 400,000 pọ́ùn ni, owó ìjọba níbẹ̀ jẹ́ 160,000. Láti ọdún kẹfà èlé 1.75% bẹ̀rẹ̀, 2,800 pọ́ùn lọ́dún. Ìyẹn náà wá ń gòkè lọ́dọọdún, wọ́n á wo bí ọjà ṣe wọ́n sí, wọ́n á fi 1% kún un. Tí ọjà bá wọ́n sí i ní 4%, èlé yẹn fúnra ẹ̀ á fi 5% gòkè, 2,800 á di 2,940. Àwọn èèyàn máa ń rò pé 1.75% yẹn ló di 6.75%, rárá o, kò tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ pé gbèsè ò dín, torí èlé lásán ni gbogbo ẹ̀.

Kò wá lè máa gé e ní díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kéré jù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú iye tí ilé yẹn ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni, owó ńlá sì ni, á sì tún sanwó fún ẹni tó máa wá díye lé ilé. Tẹ́ ẹ bá fi 1,000 pọ́ùn ránṣẹ́ sí i ní Dìsẹ́ńbà, ọ̀dùnkún àti ẹran ló máa fi rà. Ẹ jẹ́ kó máa kó o sí báńkì títí á fi tó, tàbí kó bi báńkì ẹ̀ bóyá wọ́n lè yá a ní owó kún èyí tó ti yá tẹ́lẹ̀ kó fi san ti ìjọba kúrò. Nǹkan kan wà tí kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn: tí fúláàtì ẹ̀ bá ti já wálẹ̀, àsìkò tó dáa láti san nìyẹn. Ká ní ó já sí 360,000, 40% ẹ̀ jẹ́ 144,000, ìjọba ti bá a pàdánù 16,000. Àwọn tó ń dúró kí ilé wọ́n kí wọ́n tó san, gbèsè ni wọ́n ń dúró dè kó wọ́n. Kó sì ránti pé ọdún 25 ló ní láti ìgbà tó rà á, tí kò bá tíì ta ilé tàbí san owó báńkì tán ṣáájú.

Tí ẹnì kan bá sì wá bá yín ní Ṣábẹ̀ẹ́ pé òun lè fi orúkọ ọmọ yín sí ètò yẹn ní Íńgílándì, ẹ lé e. Wọn ò gba orúkọ tuntun mọ́ láti 31 oṣù kẹwàá ọdún 2022.

Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni mí ní Kétu. Ǹjẹ́ irú ètò yìí wà ní Benin? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Libreville fẹ́ ṣe tiwa: òun á mú 60% owó ilé wá, èmi á mú 40%, èmi ni mo máa gbé ibẹ̀. Ẹbí ní a ò nílò ìwé kankan, pé ọmọ ìyá kan ni wá. — Tíṣà, Kétu

Tíṣà, ètò ilé ìjọba wà, irú ti Dublin yẹn kọ́. Ètò 20,000 ilé tí ìjọba gbé kalẹ̀, tí SImAU, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ ilé, ń bójú tó, Ouèdo ní Abomey-Calavi ni wọ́n ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Níbẹ̀ ẹ ń san owó ilé díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tiyín, ìjọba ò bá yín ní ìpín.

Tiyín yìí ló sún mọ́ ti Dublin jù, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn ni mi ò gbà. Ọmọ ìyá kan ni ẹ̀yin méjèèjì, àwọn ọmọ yín kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ò bá sí mọ́, àwọn tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ ni ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Gabon, tó lè jẹ́ pé wọn ò wọ Kétu rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí ẹbí jókòó kí wọ́n fọwọ́ sí i kí sìmẹ́ńtì kankan tó dé ibẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier, ìwé ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ló kà sí ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ ti èèyàn, torí náà ẹ ní kó jáde pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ tiyín nìkan torí pé ẹ̀yin lẹ wà nílé. Tó bá wá di ọ̀dọ̀ notaire, amòfin tó ń ṣe ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé 60 àti 40 ni, kì í ṣe iye owó. Tẹ́ ẹ bá kọ pé ẹ̀gbọ́n mú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án wá, lẹ́yìn ogún ọdún mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lẹ máa fẹ́ dá padà fún un, ìjà dé nìyẹn.

Ẹ tún sọ̀rọ̀ lórí owó ilé. Ẹ̀yin lẹ ń gbé inú 60% tí kì í ṣe tiyín, ṣé ẹ máa san nǹkan kan fún un? Ti Dublin fún wọn ní ọdún márùn-ún ọ̀fẹ́, ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó sáà wà nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá wá gbẹ́ kànga, tẹ́ ẹ kọ́ yàrá méjì lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú owó ara yín, ṣé 60% ìyẹn náà ti di ti ẹ̀gbọ́n? Ní Íńgílándì, tí wọ́n bá ń díye lé ilé láti san ti ìjọba, wọ́n máa ń yọ àtúnṣe tó mú kí ilé níye lórí sí i kúrò. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, ẹ fi sí tiyín, kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú rìsíìtì sìmẹ́ńtì.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kà á síta létí ìyàwó méjèèjì. Ti Libreville, ẹ pè é lórí WhatsApp kó gbọ́, kó béèrè ohun tó bá fẹ́ béèrè.