Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Ìyàtọ̀ Tó Wà Láàárín Ìlú àti Abúlé

Òbí kan kọ̀wé pé ọmọ òun obìnrin ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, ó sì ti há a sórí pé abúlé ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé, ìlú sì ni ti àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí bàbá àgbà ọmọ náà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbẹ̀ paraku ni bàbá tó bí òun, síbẹ̀ àárín gbùngbùn Ìbàdàn ni agboolé rẹ̀ wà, àti pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Òbí náà wá ń béèrè ohun tí òwe yìí túmọ̀ sí gan-an, àti èyí tí kí ọmọ náà kọ sínú ìdánwò nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí òwe bẹ̀rẹ̀. Lónìí, a máa ń pa á fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ìrìn àjò dé, ìbáà ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń bọ̀. Ìlò yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà díẹ̀ sí orísun rẹ̀. Oko tí àwọn tó dá òwe náà sílẹ̀ ń wí ni oko tí a ń fi ọkọ́ ro, ilé tí wọ́n sì ń wí ni agboolé tó wà nínú ìlú, lẹ́yìn odi. Ẹni kan ṣoṣo ló ní méjèèjì. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni oko, ibi tó ti jẹ́ ọmọ ẹnìkan ni ilé.

Oko náà kì í ṣe ẹyọ kan. Oko etílé ni èyí tó sún mọ́ odi ìlú, tí àgbẹ̀ lè jí lọ ní kùtùkùtù, kí ìrì tó gbẹ lára koríko, kí ó sì padà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Oko ẹgàn jìnnà réré, ó sì máa ń gba kí ènìyàn sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù mélòó kan. Níbẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń kọ́ ahéré, tí í ṣe ilé kékeré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko bò, kí òjò má baà pa òun àti irè oko rẹ̀. Bí ìyàwó àti ọmọ bá bá a lọ, tí àbúrò rẹ̀ sì kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ahéré ti ń di abà nìyẹn, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi pe abà náà. Bí abà bá gbilẹ̀, tí ìdílé mìíràn wá bá wọn, tí wọ́n sì ní baálẹ̀, abúlé ni. Nígbà tí kòkó dé ní ìparí ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ abà ló fìdí múlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, nítorí kòkó kì í ṣe iṣu tí ènìyàn yóò wà lọ́dún kan tí yóò sì gbàgbé ebè. Ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fẹ́ olùṣọ́. Bí páànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò imọ̀ ọ̀pẹ lórí ahéré nìyẹn.

Síbẹ̀, bí páànù abà ti wù kó dán tó, abà kò di ilé. Ìlú ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ìlú ni oyè ìdílé wà, ìlú ni wọ́n sì ń gbé òkú àgbà lọ sin, kódà bó jẹ́ oko ni ọlọ́jọ́ dé bá a. Bí ọdún bá dé, abà á dá páropáro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ tí àwa Yorùbá ń pe ọdún àgbò àwọn Mùsùlùmí, Iléyá, pé àkókò tó láti máa lọ sílé. Ìdí nìyí tí “ará oko” fi jẹ́ èébú láàárín àwọn tí gbogbo wọn jọ ń roko. Kì í ṣe iṣẹ́ oko ni wọ́n fi ń bú onítọ̀hún. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ó ti pẹ́ lóko débi pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń hùwà nílé.

Ẹ ó wá rí i pé ohun tí ọmọ yín há sórí kò bá ilẹ̀ wa mu dáadáa. Nínú ìwé jọ́gíráfì, ará abúlé ló ń jí láàárọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú, tí ó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa láyé àtijọ́, ará ìlú ló ń jí lọ sí oko. Àwọn onímọ̀ òkèèrè kan kò tilẹ̀ fẹ́ gbà pé ibi tí àgbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ́ ìlú, títí William Bascom, ará Amẹ́ríkà, fi kọ̀wé ní 1955 pé ìlú gidi ni àwọn ìlú Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá nínú wọn. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: nínú ètò ìkànìyàn 1952, àwọn ará Ìbàdàn lé ní 450,000, nígbà tí àwọn ará Èkó lé díẹ̀ ní 260,000, bẹ́ẹ̀ Èkó ni olú-ìlú ìjọba nígbà náà, òun ló sì ní èbúté.

Kí ló kó àgbẹ̀ jọ sójú kan bẹ́ẹ̀? Ogun ni apá tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn náà, pàápàá ti ọ̀rúndún 19. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ibùdó àwọn jagunjagun ní nǹkan bí 1829. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 lábẹ́ àpáta Olúmọ, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ló sì parapọ̀ síbẹ̀ láìpa orúkọ wọn tì. Àwọn orúkọ méjèèjì yìí dára fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ohun méjì tí àwọn olùdánwò máa ń fẹ́ kí ó yà sọ́tọ̀ wà nínú wọn. Èkíní ni irú ilẹ̀ tí ìlú dúró lé: Abẹ́ òkúta, níbi tí ènìyàn ti lè sá pamọ́, kí ó sì gun òkè wo ọ̀tá. Èkejì ni ohun tí ìlú wà nítòsí rẹ̀: Ẹ̀bá ọ̀dàn, ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tí irè igbó àti irè ọ̀dàn fi lè pàdé lọ́jà kan náà. Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi sọ àwọn ìlú yìí lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣi èkíní pè ní èkejì.

Ó kù kí a sọ ohun tó ń sọ ibùgbé di ìlú. Iye ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ìjọba ń lò, ṣùgbọ́n iye náà kò bára mu rárá. Ní Dẹ́ńmáàkì, ènìyàn 200 tó. Ní Japan, 50,000 ni. Ní Nàìjíríà, 20,000 ni ètò ìkànìyàn ń lò. Àwọn bàbá wa kò ka orí ènìyàn. Wọ́n ń wo ọba, ààfin àti ọjà ọba tó kọjú sí i, wọ́n ń wo àdúgbò tó ní olóyè, àti odi tó ní ibodè. Mi ò sọ pé òṣùwọ̀n yìí kò ní àléébù o. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn títí di 1936 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Olúbàdàn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ pe Ìbàdàn ní abúlé lójú ọmọ Ìbàdàn.

Nítorí náà, kí ọmọ yín kọ èyí tó wà nínú ìwé, nítorí òun ni olùdánwò yóò kọ́kọ́ wá: kí ó dárúkọ iye ènìyàn, bí ilé ṣe sún mọ́ra tó, àti irú iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi gbólóhùn méjì sí i pé àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́ yàtọ̀ ní ti iṣẹ́, kí ó sì fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ pẹ̀lú iye 1952 yẹn. Bí wọ́n bá sì béèrè nípa ìṣípòpadà, kí ó ya ẹni tó kó lọ pátápátá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀, nítorí àgbẹ̀ oko ẹgàn kò kó kúrò nílé rí. Kí ó sì ṣọ́ra fún orúkọ. Abúlé Ẹ̀gbá ń bẹ ní ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, orúkọ abúlé ló ṣì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìgboro Èkó ti gbé e mì tipẹ́, wọ́n sì ti ṣe afárá ọkọ̀ gba orí oríta rẹ̀ ní 2017.