Ṣé ẹgbẹ́ gidi ni "Free Readers"? Báwọn bàbá wa ṣe ń ka pépà

Ẹ ní bàbá yín máa ń sọ pé nígbà ọ̀dọ́ òun n'Íbàdàn, ọmọ ẹgbẹ́ Free Readers Association lòun, pé ṣé ẹgbẹ́ gidi ni àbí wọ́n kàn ń fi yín ṣeré. Eré ni o, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ò ní alága, kò ní akọ̀wé, kò sẹ́ni tó ń dáwó, àìsí owó gan-an ló dá a sílẹ̀. Tílẹ̀ bá ti mọ́ tí onípépà bá ti tẹ́ ọjà ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ní Dùgbẹ̀ ni o, ní Mọ́kọ́lá ni o, l'Ékòó ẹ lọ sí Ojúẹlẹ́gbà tàbí Ọ̀ṣòdì, ẹ ó báwọn ọkùnrin tí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn tí wọ́n ń ka àkọlé gàdàgbà iwájú pépà, ẹni tó bá láyà nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ á ṣí ojú ìwé kejì, onípépà á sì pariwo pé "bọ̀dá, ẹ má rún un fún mi o, mi ò tíì tajà!" Àwọn yẹn ni fírí rídà.

Onípépà kì í lé wọn tán, torí ó mọ̀ pé èrò ló ń pe èrò, ẹni tó ń kọjá lọ tó bá rí àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀ á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni yẹn lè ra ọ̀kan. Àwọn onípépà míì tiẹ̀ gbọ́n, wọ́n á gba ṣéńjì díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ kẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn kẹ́ ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ dá a padà láìrún. Àríyànjiyàn ibẹ̀ wá ni ká má tiẹ̀ sọ, pàápàá nígbà June 12 lọ́dún 1993, ẹni tí ò ka nǹkan kan ló máa ń pariwo jù. Lẹ́yìn tí ìjọba kó SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé lọ́dún 1986 tí owó gbogbo nǹkan gbéra, àwọn tó ń ra pépà lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síbẹ̀, tíṣà, akọ̀wé ọ́fíìsì, wọ́n á so táì mọ́rùn.

Àwọn kan máa ń fi ojú ìṣẹ́ wo ọ̀rọ̀ yìí, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àṣà tó ti wà tipẹ́ ló kàn bọ́ síta sí ìkóríta. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀, ìròyìn. Èèyàn ń ròyìn ni, ẹnì kan ń fẹnu sọ ọ́, ẹlòmíì ń fetí gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ń ròyìn fún ara ẹ̀ nìkan nínú yàrá. Ẹ wá wo orúkọ táwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ń sọ ìwé wọn láti ayé ọjọ́un wá: Elétí Ọfẹ jáde l'Ékòó lọ́dún 1923, ìyẹn ẹni tí etí ẹ̀ mú (ẹ má pè é ní ọ̀fẹ́ o, kì í ṣe pépà àìsanwó!), Akéde Èkó dé lọ́dún 1928, Gboùngboùn jáde n'Íbàdàn lọ́dún 1970, Aláròyé sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1996. Etí, akéde, ohùn, àròyé. Ẹnu àti etí ni gbogbo ẹ̀, ojú kọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ló kọ́kọ́ tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń rà á, títí dọdún 1867 táwọn ará ìlú lé àwọn òyìnbó jáde. Mélòó ló mọ̀wé kà l'Abẹ́òkúta nígbà yẹn? Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà wálé, àwọn ọmọléèwé míṣọ́n, díẹ̀ lára àwọn onígbàgbọ́. Ẹ̀dà kan tó bá wọ agbo ilé kan, ẹnu ẹni kan ni gbogbo ilé ti máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí Akéde Èkó ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra ẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn náà ló ń kọ ọ́ o, àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé wá nípa ẹ̀, ẹni tó bá fojú fo ti ọ̀sẹ̀ kan á máa wá ẹni tó máa sọ ibi tí wọ́n bá a dé fún un. West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, dé lọ́dún 1937, kọ́bọ̀ kan péré, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, Tribune tó dé n'Íbàdàn lọ́dún 1949 náà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wá di méjì fún ẹni tó mọ̀wé: kó kà á, kó tún túmọ̀ ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ti onígbàjámọ̀ lèyí ti pọ̀ jù, ọ̀gá á máa ránṣọ lọ, ẹnì kan á máa kà, á sì máa fi ata tiẹ̀ sí i, ká sòótọ́, ìgbà míì ata ọ̀hún máa ń pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ.

Bàbá bàbá mi ò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á ní "mo kà á nínú pépà". Èmi ni mò ń kà á fún wọn, Gboùngboùn, lórí àga ẹ̀yìnkùlé, wọn ò sì jẹ́ kí n fò ó. Tí mo bá fo ìlà kan kí n lè tètè lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní "padà sẹ́yìn, ta ló sọ ọ́?" Àwòrán òkú ni wọ́n máa ń fojú ara wọn wò, wọ́n á gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n á ní "kì í ṣe ọmọ ilé Alápò lèyí?" kí n tó ka orúkọ rárá.

Àwọn míì ò wá ìròyìn kankan, púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ni wọ́n fẹ́ wò, tí wọ́n bá ti rí ojú ìwé bọ́ọ̀lù wọ́n ti lọ nìyẹn. Pépà tó bá sì ti gbó, ó dọ̀dọ̀ ìyá elépà àti alákàrà, ẹ ó ra ẹ̀pà, ẹ ó tú bébà ẹ̀, ẹ ó ka ìdajì ọ̀rọ̀ mínísítà kan tí wọ́n ti yọ níṣẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ra ẹ̀pà ṣáájú yín.

Títí di òní, ẹ tan rédíò láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ wọn tí wọ́n ń ka àkọlé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, pẹ̀lú òwe àti ẹ̀fẹ̀, téèyàn á sì máa gbọ́ ọ nínú dáńfó láìra pépà kankan. Fírí rídà náà ni gbogbo wa.

Torí náà bàbá yín ò purọ́ fún yín. Ẹ bi wọ́n pé ìkóríta wo ni wọ́n máa ń dúró sí, àti pé ta ló ń kà á sókè fáwọn tó wà lẹ́yìn, ó lè jẹ́ àwọn gan-an ni.