Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò mú ìwé ìran lọ́wọ́

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ alájá Basenji, ajá ọdẹ Kóńgò tí kì í gbó bí ajá yòókù, sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ẹ wá ń béèrè bóyá CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, lẹ máa kọ́kọ́ lọ ni àbí ìdíje ẹwà ajá lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ní tèmi o, kò sí èyí tó kàn nínú méjèèjì. Mo ti ṣe akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn níbí pẹ́, ìwé ìran, ìyẹn ìwé tí a ń kọ bàbá àti ìyá ajá kọ̀ọ̀kan sí, ni ẹgbẹ́. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni.

Basenji ò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Tí akọ kan tó rẹwà bá ti òkè òkun dé, gbogbo ẹni tó ní abo ló máa fẹ́ kó gun tòun, torí ọmọ rẹ̀ máa tà. Ẹni tó ni akọ á sì mú ọmọ kan nínú ìbí kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe é láàárín ara wa. Kò ní pẹ́ tí ajá àdúgbò Mọ́lété àti ajá àdúgbò Challenge á fi di ọmọ bàbá kan náà, tí àwọn tó ni wọ́n ò sì mọ̀. Tí àwọn yẹn bá wá gun ara wọn, ìsúnmọ́ra ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ wọn máa gbé, ìyẹn bí ohun tó jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ṣe lè jẹ́ ọ̀kan náà, jẹ́ ìdá 12.5 nínú 100. Tó bá jẹ́ bàbá àti ọmọ ni, ó di 25.

Kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Fanconi, ó mọ ilé Basenji dáadáa. Ṣúgà àti àwọn èròjà míì tó yẹ kí kíndìnrín dá padà sínú ara, inú ìtọ̀ ló máa ń dà wọ́n sí. Ajá á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ káàkiri ilé, á máa rù, bẹ́ẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ga, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í sábà hàn títí ajá á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje. Nígbà yẹn, ó ti bímọ kúnlẹ̀. Tí ajá méjì tó gbé e lára láìṣàìsàn bá bímọ pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu tó wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Láti 2011 ni àyẹ̀wò DNA tó ń fi í hàn tààrà ti wà. Owú lẹ máa fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, ẹ ó fi ránṣẹ́ sókè òkun, dọ́là lẹ ó sì san. Ní ti àwọn tó ti dàgbà, a máa ń lo bébà tó ń fi ṣúgà inú ìtọ̀ hàn, èyí tí àwọn alátọ̀gbẹ ń rà ní kẹ́míìsì. Ní ìdájí, ẹ ó rí bàbá àgbàlagbà tó mú ìdérí ike dání, tó ń tọ ajá lẹ́yìn yíká àgbàlá. Bí ajá bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí, bàbá ti ti ìdérí sábẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní ọpọlọ rẹ̀ ti ń yí. Ṣùgbọ́n bébà yẹn ò lè mọ ajá tó kàn gbé e lára, DNA ló mọ ìyẹn.

Tí ìwé ìran bá purọ́, a ò ní mọ ajá tí kò yẹ kó gun ara wọn; ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta ọmọ ajá ò fi gbọ́dọ̀ mú un lọ́wọ́. Mo mọ akọ̀wé kan tó kọ orúkọ akọ olókìkí fún ọmọ tí akọ náà ò mọ̀ rí. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tí kò ní Basenji kankan ni tiwa wà báyìí. Ajá tí kò bá ní nọ́ńbà oníka 15 ti máíkírọ́ṣíìpù, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ láti fi dá ajá mọ̀, lára, a kì í kọ ọ́.

Àwọn kan á gbé ajá ilé wá bá yín pé Basenji ni o. Á pupa, etí á nà ró, ìrù á ká. Ọkùnrin kan mú tirẹ̀ wá sípàdé wa ní Bódìjà, ó ń búra pé kì í gbó. Ọlọ́kadà kan ṣáà kọjá, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, kò dákẹ́ títí a fi túká. Lóòótọ́, Basenji lè gbó lẹ́ẹ̀kan péré, àmọ́ kì í tò ó. Igbe tó dà bí orin ló mọ̀. Ẹlòmíì á ní àwọn Amẹ́ríkà náà ṣí ìwé ìran tiwọn ní 1990 fún ajá tí wọ́n kó láti Kóńgò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ ní 1987 àti 1988 dé inú igbó tí àwọn ọdẹ ti ń so agogo onígi mọ́ ajá lọ́rùn, wọ́n sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. N ò bá ajá ilé jà o. Bíńgò ni mo kọ́kọ́ sìn, ó sì gbọ́n ju alága wa lọ.

Abo Basenji kì í sábà wá akọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, nítorí náà ẹ máa kọ orúkọ àwọn tó ń dúró de ọmọ sílẹ̀ ní títò-títò, kí àríwísí má pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè lọ sí CAC: ó kéré tán ẹni méjì tí yóò dúró fún ẹgbẹ́, òfin ẹgbẹ́, ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, àti 28 ọjọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ṣe ìdíje, ẹ wá pápá tó níbòòji, kẹ́ ẹ sì parí kí oòrùn tó mú. Ẹni tí kò bá mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wá, ẹ dá a padà ní géètì, ì báà ṣe alága, ì báà ṣe akápò.